Ta ló ti ṣe CFD (fífi kọ̀ǹpútà ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn) hypersonic (eré tó ju ìlọ́po márùn-ún eré ìró lọ) rí níbí? Shock (ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ lójijì) mi yọ ìwo o

Ọmọ Glasgow: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mò ń fi SU2 (software CFD) ṣírò nǹkan olórí róbótó kan ní Mach 6 (ìlọ́po mẹ́fà eré ìró), scheme Roe (ọ̀nà ìṣirò kan) ni mo yàn. Bow shock tó yẹ kó tẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú ẹ̀, àárín ẹ̀ gan-an ló yọ ìwo síta, heat flux (ooru tó ń wọ ara nǹkan náà) wá rí gbágungbàgun. Supervisor ní kí n fún mesh (àwọn àpótí kéékèèké tí a pín afẹ́fẹ́ sí fún ìṣirò) pọ̀ sí i, mo fún un pọ̀, ṣe ló tún burú sí i. Ẹ gbà mí.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, carbuncle nìyẹn, àìsàn tó mọ́ Roe lára ni. Peery àti Imlay ti kọ nípa ẹ̀ láti 1988. Dissipation Roe (agbára ẹ̀ láti pa àṣìṣe rẹ́) kéré jù níbi tí shock àti ìlà mesh bá ti jọ dọ́gba, àṣìṣe bíńtín á wá máa dàgbà níbẹ̀, mesh tó o sì tún ń fún pọ̀ ló ń bọ́ ọ. Má torí ẹ̀ da mesh rú o, tí ìlà ẹ̀ ò bá tẹ̀ lé shock, heat flux ò ní dáa láéláé. Scheme ni kó o pààrọ̀. Má sá lọ bá scheme HLLC, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Roe, scheme AUSM ni kó o gbìyànjú. First order (ìṣirò tí kò péye púpọ̀ àmọ́ tó dúró dáadáa) ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, CFL kékeré (ìgbésẹ̀ àkókò kékeré), tí shock bá ti jókòó kó o wá gbé e sí second order tó péye jù.

Màmá Ìbejì, Toronto: FUN3D, software CFD ti NASA, ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Wọn ò ní fún yín mà, àfi ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card. Eilmer ti University of Queensland wà, ọ̀fẹ́ ni, rhoCentralFoam náà wà nínú OpenFOAM.

Ọmọ Glasgow: Ẹ̀gbọ́n, ìwo ti lọ! Ẹ ṣé gan-an sà. Gamma (Cp lórí Cv, ìpín ìwọ̀n ìgba-ooru afẹ́fẹ́) 1.4 ni mo lò ṣá, ṣé kò burú?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Tí afẹ́fẹ́ òde bá jẹ́ 220 K, ní Mach 6 á tó 1800 K níwájú imú ẹ̀. Oxygen ò tíì máa fọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n vibration (gbígbọ̀n molecule afẹ́fẹ́) ti bẹ̀rẹ̀, gamma ò lè dúró sí 1.4 mọ́. Mach 10 ńkọ́? Ìṣirò yẹn á sọ pé ó lé ní 4600 K, níbẹ̀ kó o gbé chemistry (fífọ́ àti ìdàpọ̀ molecule) sí i tipátipá. Columbia, space shuttle NASA, ní 1981, bí wọ́n ṣe ní láti tẹ body flap (pátákó ìdí ẹ̀) sísàlẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ real gas (pé afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í hùwà bíi ti gamma 1.4) wà lára ohun tó fà á.

Bọ̀dá Manchester: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yìí ní UK, tí school bá ní course yín nílò ATAS (ìwé àṣẹ ìjọba UK fún ẹ̀kọ́ tó kan ìmọ̀ ẹlẹgẹ́), ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó fìwé visa sílẹ̀. Wọn kì í gbowó, àmọ́ ó máa ń pẹ́ o.