Báwo ni Douglas Bader ṣe ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wa bàálù ogun?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n gé ẹsẹ̀ méjèèjì Bader, awakọ̀ bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí bàálù rẹ̀ já ní Woodley, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1931. Báwo ló ṣe ń tẹ bíréèkì Spitfire, bàálù ogun tó ń wà?

Èsì: Kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un. Irin rẹ̀ wà lára ọ̀pá ìdarí. Pẹ́dà tó ń yí ìrù bàálù nìkan lẹsẹ̀ ń tì.

Èsì: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún òsì ṣì kù fún un. Ọ̀tún ni wọ́n gé kọjá orúnkún. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ọ̀tún yìí ló há nígbà tó fẹ́ bẹ́ jáde nínú bàálù lókè ilẹ̀ Faransé, 9 Oṣù Kẹjọ 1941. Ìgbà tí okùn tó dè é já ló tó bọ́. Akin ni!

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an.