Ẹ gbà mí o, títẹ kọ́máǹdì lálaalẹ́ ti sú mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ni mò ń yà: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, gbogbo ẹ̀ là ń bá wọn lọ. Ubuntu ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, kì í ṣe Windows. Tí n bá ti òde dé lálẹ́, tó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, màá tún jókòó máa tẹ kọ́máǹdì, ṣí fódà, kó fọ́tò kúrò nínú mẹ́mórì káàdì, sọ wọ́n di kékeré tí WhatsApp á lè gbé, ohun kan náà lójoojúmọ́. Wọ́n ní alias, ìyẹn orúkọ kúkúrú téèyàn fún kọ́máǹdì gígùn, ló ń gba èèyàn, mo wá tẹ èyí:

alias foto = 'cd ~/Pictures'

Ó ní "bash: alias: =: not found". Kí ni mo ṣe fún un báyìí?

Baba Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, spéèsì yẹn ni. Ẹ lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀: alias foto='cd ~/Pictures'. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ fáìlì ~/.bashrc, èyí tí terminal (ojú ibi tí à ń tẹ kọ́máǹdì sí) máa ń kà nígbàkigbà tó bá ṣí, kẹ́ẹ wá tẹ source ~/.bashrc, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ bá ti pa terminal yẹn, ó ti lọ nìyẹn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Alias nìkan ò lè gbé iṣẹ́ yìí o, ọ̀rọ̀ gígùn ló kàn ń gé kúrú. Ẹ kọ script, ìyẹn fáìlì tó kó kọ́máǹdì púpọ̀ pọ̀, ẹ pè é ní kofoto:

#!/bin/bash
d=~/Pictures/"$(date +%F)-$1"
mkdir -p "$d/kekere"
cp -n /media/$USER/*/DCIM/*/*.JPG "$d"
cd "$d" && mogrify -path kekere -resize 1600x *.JPG

Ẹ fi sí ~/bin, ẹ ṣe chmod +x fún un kó lè ṣiṣẹ́ bíi kọ́máǹdì, kẹ́ẹ lọọ́gì-áòtù kẹ́ẹ tún wọlé. Inú ètò imagemagick ni mogrify tó ń sọ fọ́tò di kékeré wà, kọ́máǹdì apt lẹ máa fi gbé e wọlé. Tó bá yá, kofoto "iya bisi" péré lẹ máa tẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ -path kekere kúrò o, òun ló ń kó àwọn fọ́tò kékeré sí fódà tiwọn! Èmi yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, àṣé orí ojúlówó fọ́tò ni mogrify máa kọ èyí tó kéré sí, mo sì ti nu káàdì. Ìyàwó ní férémù ńlá lòun fẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Baba Ìbejì: Tó bá tún jẹ́ káàdì méjì, ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ tiẹ̀ tẹ́ẹ bá ń tẹ kofoto. IMG_0001 lè wà nínú méjèèjì, -n tó wà lẹ́yìn cp yẹn á kàn fo ìkejì dá ni.

Oníbéèrè: Ó ti ṣiṣẹ́ o, ẹ ṣeun gan-an! Mo kọ́kọ́ gbàgbé àmì " " yẹn, orúkọ fódà wá parí sí "iya" lásán. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá tí mo ya fọ́tò fún lóṣù yìí ò lóǹkà.