Wọ́n gé iwájú ẹsẹ̀ Bàámi, wọ́n sì fẹ́ padà sídìí maṣíìnì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Bàámi ni o, télọ̀ ni wọ́n l'Ókè-Àdó, àtọ̀gbẹ ló fà á tí wọ́n fi gé gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó ku àárín ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Egbò ti jiná, dókítà ní wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bàtà ò dúró, tí wọ́n bá gbésẹ̀ báyìí sálúbàtà á ti fò lọ, Màámi bá ki àkísà síwájú kánfáàsì wọn. Wọ́n tún ń ní ọmọńdinrin ń yún àwọn, èyí tí ò sí mọ́ yẹn o! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa padà sí ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń lò.

Ìyá Bíọ́lá Sángò: Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o, kẹ́ ẹ fi àdí ra á.

Físíò Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ mà, físíò ni mí, àwa tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, kí wọ́n má dán an wò. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé omi gbóná, á ti bó kí Bàbá tó fura.

Oníbéèrè, egbò tó jiná ò tíì parí ọ̀rọ̀ o. Tí iwájú ẹsẹ̀ bá ti lọ, iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ò rí ẹni bá a du ú mọ́, á máa fa gìgísẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ á máa dorí kodò díẹ̀díẹ̀, ìwúwo ara á wá bọ́ sójú ibi tí wọ́n rán, ibẹ̀ náà ló sì máa ń là padà. Kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, ẹ fi ìborùn kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n rọra fà á sọ́dọ̀ ara wọn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe, láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún wọn. Yíyún yẹn kì í ṣe àfiṣe, wọn ò sì ṣarán, ọpọlọ ló ṣì ń wá ìka tó lọ. Tí ò bá jẹ́ kí wọ́n sùn, ẹ sọ fún dókítà, oògùn wà.

Alhaji Apata: Èmi náà nìyí, ẹsẹ̀ òsì ni tèmi. Ẹ yọ àkísà yẹn kíá! Á ká jọ síwájú bàtà, á máa ha ẹsẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi rí ẹ̀jẹ̀ lára sọ́kìsì. Àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni físíò ní kí n lọ bá, wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi, wọ́n gé fóòmù dí iwájú bàtà, wọ́n wá fi ìdí líle sí i, ó tẹ̀ síwájú bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, òun ló ń bá mi yí síwájú nígbà tí ìka ò sí. Bàtà olókùn tó bo kókósẹ̀ ló dúró jù. (Aránbàtà àdúgbò wa kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan fún mi, ó rẹwà gan-an, bó ṣe ń rún mi nìkan ni.) Bàtà tuntun, wákàtí kan péré lẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ibì kan pọ́n. Lálaalẹ́ ni mo ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé sà. Maṣíìnì wá ńkọ́?

Físíò Mọ́kọ́lá: Kí wọ́n fi pẹ́dà yẹn sílẹ̀ ná. Tí wọ́n bá gbé gbogbo iṣẹ́ fún ẹsẹ̀ òsì, ti alátọ̀gbẹ lòun náà, òun ló kàn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹsẹ̀ pọ́n, tó gbóná, tó ń rùn tàbí tí omi ń jáde, ọsíbítù lọ́jọ́ yẹn gan-an o, ẹ má dúró dọ̀la.

Ìyá Bíọ́lá Sángò: Mo ti gbọ́ ti omi gbígbóná o jàre. Wọ́n lè so ọwọ́ tí wọ́n ń yí mọ́ maṣíìnì yẹn. Mọ́tò náà wà, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná nílùú yìí...

Oníbéèrè: Mo sọ pé káwọn ọmọ iṣẹ́ máa rán an kí Bàámi jókòó máa gé aṣọ, wọ́n ní ta ló máa wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ 😂 Ti ọlọ́wọ́ yẹn ni wọ́n gbà. Ọ̀la a ó lọ rí físíò ní ọsíbítù UCH, màá mú bàtà olókùn wọn dání.