Irúgbìn ẹ̀fọ́ tí mo rà lọ́pọ̀ ò hù mọ́, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín?

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé (Modákẹ́kẹ́, Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé, àroko bọ́dún dé o. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ irúgbìn ló gbé mi wá. Oṣù kìíní ni mo lọ sọ́jà, ìyá tó ń ta hóró ẹ̀fọ́ ní tí mo bá rà á lọ́pọ̀ òun á dín owó ẹ̀ fún mi, ni mo bá ra ewédú kóńgò kan, tẹ̀tẹ̀ ìdajì kóńgò, ilá, mo tún ra àlùbọ́sà inú agolo, mo ní kí n rà á tán lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi owó níná. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré ni mo ní lẹ́yìnkùlé o. Nígbà tójò bẹ̀rẹ̀ loṣù kẹta mo gbìn níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ hù dáadáa, àfi ewédú tó ń hù ségesège. Ìyókù mo so ó sínú ọ̀rá, mo fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnnì. Oṣù kẹsàn-án tí mo ní kí n tún gbìn, tẹ̀tẹ̀ yọ kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó, àlùbọ́sà ò yọjú rárá, ewédú náà ò hù, ilá tiẹ̀ ti bu, bí mo ṣe tú ọ̀rá ẹ̀ báyìí eruku funfun ló bò ó. Ó dùn mí gan-an torí owó oúnjẹ ni mo yọ níbẹ̀. Ṣé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún mi ni àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tọ́jú?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Iléṣà)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dí i fún ẹ. Má tíì bínú sí ẹni tó tà á, ṣebí ó hù loṣù kẹta. Ọ̀rinrin ló pa á. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ ò lè dáàbò bo irúgbìn nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnnì ló tún wá wà, ooru ìkòkò ń lù ú láàárọ̀, òtútù òjò ń fẹ́ sí i lálẹ́. Láyé màmá mi, òkè ààrò ni wọ́n ń so àgbàdo irúgbìn àti ilá gbígbẹ rọ̀ sí, èéfín ń gbẹ ẹ́, kòkòrò ò dẹ̀ lè sún mọ́ ọn. Ní báyìí tó jẹ́ gáàsì la ń lò, ìgò ni mo fi rọ́pò ààrò. Ìgò tó ní ìdérí tó le ni o, kì í ṣe ike tó ti là. Máa ń sá irúgbìn síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ìbòòji, má sá a sórí páànù lọ́sàn-án gangan, á sè síbẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀wà tàbí àgbàdo ti gbẹ, fi eyín ẹ̀ ẹ́ wò, tí eyín bá wọ̀ ọ́ kò tíì gbẹ, tó bá fọ́ pàá, kó o sínú ìgò. Lẹ́yìn náà yan ìrẹsì díẹ̀ nínú agbada láìsí epo, jẹ́ kó tutù, dì í sínú aṣọ kékeré, kó o wá fi sísàlẹ̀ ìgò yẹn, òun ni á máa fa ọ̀rinrin tó bá kù mu.

Ewédú ẹ, jọ̀ọ́ MÁ DÀ Á NÙ. Kò kú, ó ń sùn ni, èèpo ẹ̀ ló le. Bu ìwọ̀n tí wàá gbìn lọ́jọ́ yẹn sínú aṣọ, so ó, gbé omi kaná kó hó, sọ ọ́ kalẹ̀, ri aṣọ yẹn bọ̀ ọ́, ka ení, èjì, dé àrún, yọ ọ́ kíá, kó o rì í sínú omi tútù. Tẹ́ ẹ kó fẹ́, po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó o tó fún un, tẹ̀tẹ̀ náà yanrìn ni kó o máa pò ó mọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan á ká bẹ́ẹ̀dì tó o ti ń fi mẹ́ta gbìn.

Délé Agíríìkì (OAU)

Ẹ kú iṣẹ́ mà, òótọ́ ni màmá sọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé tí omi inú irúgbìn bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, iye ìgbà tó máa fi wà láàyè á di ìlọ́po méjì, bákan náà tí ibi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí bá fi 5°C tutù sí i. Ìdí nìyẹn tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, fi ń gbẹ irúgbìn ẹ̀wà dáadáa kí wọ́n tó kó o sí -20°C. Ìsàlẹ̀ fìríìjì tó fún tiyín, ṣùgbọ́n nínú ìgò tó dí ni o, tẹ́ ẹ bá sì gbé e jáde ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí òtútù ara ẹ̀ lọ tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sí irúgbìn lára.

Àǹtí Àdùkẹ́, àlùbọ́sà yẹn ni kẹ́ ẹ má rà lọ́pọ̀ mọ́, tọdún kan bá ti kọjá agbára ẹ̀ ti ń lọ. Ata àti ilá lè tó ọdún méjì, tòmátò máa ń tó mẹ́rin tó bá gbẹ. Kẹ́ ẹ tó gbìn ohunkóhun ẹ ka hóró mẹ́wàá sórí tíṣù tútù, ẹ ká a sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí mẹ́jọ bá hù ẹ gbìn ín bó ṣe yẹ, tó bá jẹ́ márùn-ún ẹ gbìn ín ní ìlọ́po méjì, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ẹ má fi agbára yín ṣòfò. Agolo tí wọ́n bá dẹ̀ kọ F1 sí lára, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì pọ̀ bí, ẹ má yọ irúgbìn sílẹ̀ lára ohun tẹ́ ẹ bá gbìn nínú ẹ̀, ọmọ ò ní jọ ìyá.

Bàbá Oníláà (Ìlódè, Ifẹ̀)

Délé o ṣeun, ṣùgbọ́n fìríìjì yẹn, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ńkọ́? Ìgò tó wà nínú yàrá tó tutù ti tó fún èmi. Mi ò tiẹ̀ ra irúgbìn ilá mọ́. Igi méjì tó kọ́kọ́ so tó sì lágbára jù ni mo ń so aṣọ pupa mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká a, á gbẹ lórí igi títí á fi máa dún ṣaworo tá a bá mì í. Èso tó kẹ́yìn táwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ torí pé ó ti le, irúgbìn igi tó ti rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi, ẹ má sì gbàgbé pé ugwu ò sí nínú ọ̀rọ̀ ìgò yìí o. Tó bá gbẹ ó kú nìyẹn. Inú èso ẹ̀ ni kó o fi í sí, ọjọ́ tó o bá là á ni kó o ti mọ ibi tó o máa gbìn ín sí.

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ṣé gan-an o, màmá, bàbá, Délé. Mo ti padà wá jábọ̀. Mo fi tíṣù dán gbogbo ẹ̀ wò: tẹ̀tẹ̀ hù méjì nínú mẹ́wàá, àlùbọ́sà òdo, ilá mo ti dà á nù. Ewédú tí mo fi omi gbígbóná ṣe, lọ́jọ́ kẹrin báyìí ó ti yọ, bẹ́ẹ̀dì tutù mìnìjọ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìyókù kóńgò yẹn ti wà nínú ìgò pẹ̀lú ìrẹsì yíyan, mo kọ oṣù tí mo rà á sí i lára. Ó pọ̀ jù fún mi, ẹni tó bá wà ní Ifẹ̀ tó fẹ́ ewédú kó sọ, mo fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ilá bàbá. Mo tún ń wá ẹni méjì tá a lè jọ dáwó ra agolo ata kan ká pín in.