Ooru iná mànàmáná fún orúnkún ìyá mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúnkún ń dun ìyá mi, àwọn olùtọ́jú sì ní àwọn yóò máa fi ẹ̀rọ tó ń sọ iná mànàmáná di ooru nínú ẹran ara tọ́jú wọn. Irin tí wọ́n fi to eegun itan wọn lọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Ṣé kò léwu? Kí ló sì dé tí iná náà kì í gbé ènìyàn?

Èsì kìíní: Iná ilé wa ń lọ síwá sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọn iṣan jìgìjìgì, ti ẹ̀rọ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó lé ní mílíọ̀nù 27, iṣan ò sì lè bá a sáré, nítorí náà ooru nìkan ni ara ń mọ̀.

Èsì kejì: Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ má gbà kí wọ́n lò ó lẹ́sẹ̀ tí irin wà, nítorí ooru lè ṣù jọ yí irin ká kí ó sì jó ẹran láti inú. Ẹni tí ẹ̀rọ amọ́kàn-lù wà láyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Kódà òógùn lásán ń kó ooru jọ. Ìdí tí a fi ń tẹ́ tówẹ̀lì gbígbẹ sórí awọ ara nìyẹn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. A ó mú fọ́tò eegun náà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.