Abẹ̀bẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n bátìrì kò gba iná

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná sórí òpó tí ó fi díẹ̀ ga ju òrùlé mi lọ. Ìbú àyíká tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí jẹ́ mítà 2. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó ń yí, síbẹ̀ bátìrì 12 fóòtì tí mo so mọ́ ọn kì í kún. Kí ló lè fà á?

Ìdáhùn 1
Yíyí nìkan kọ́ ni iná. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, òòfà ni ó ń bá abẹ̀bẹ̀ yí, nígbà tí wáyà bàbà tí a wé jọ dúró sójú kan; bí òòfà ti ń kọjá níwájú wáyà ni iná ń jáde, gẹ́gẹ́ bí Michael Faraday ti ṣàwárí ní ọdún 1831. Iná náà ń lọ síwá sẹ́yìn, nítorí náà wáyà mẹ́ta tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó gbọ́dọ̀ gba inú dáyọ́òdù kọjá kí ó lè máa ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí òòfà bá ṣe yára tó ni fóòtì ṣe ń ga tó, bí fóòtì náà kò bá sì ju ti bátìrì lọ, ohunkóhun kò ní wọlé.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òpó yẹn ni èmi fura sí. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Nínú àyíká mítà 2 yín, afẹ́fẹ́ tí ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gbé nǹkan bí 240 wáàtì. Bí ó bá ń sáré mítà 10, ó di nǹkan bí 1,900. Albert Betz, ọmọ Jámánì, sì ti fi hàn pé kò sí abẹ̀bẹ̀ tí ó lè gbà ju ìdá 59 nínú 100 lọ. Ẹ̀rọ kékeré kì í tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ tí ó kọlu òrùlé a máa rú, eré rẹ̀ a sì dínkù. Ohun tí a sábà máa ń gbani níyànjú ni pé kí ìsàlẹ̀ abẹ̀bẹ̀ fi mítà 9, ó kéré tán, ga ju ilé tàbí igi èyíkéyìí tí ó wà láàárín mítà 90.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́?

Ìdáhùn 1
Ẹ dúró di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ pátápátá, nítorí bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára bátìrì nígbà tí ó ń yí, ó lè sá eré àsápajúdé. Ẹ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀: ó yẹ kí ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ so orí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ tún yí i: ó yẹ kí ó wúwo, bí ìgbà tí ènìyàn ń ro ọkà.

Olùbéèrè
Mo ti dán an wò. Ó fúyẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì wúwo nígbà tí mo so wọ́n pọ̀. Òpó ni n ó gbé ga.