Alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ orí òkè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Kubwa l'Abuja ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ alángbá ti wọ̀ mí lẹ́wù gan-an, ìyàwó mi ní orí mi ti fẹ́ yí. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gun òkè àpáta ẹ̀yìn ilé wa lọ wò wọ́n, mi ò kí ń mú ìkankan o, fọ́tò lásán ni. Àmọ́ alángbá olórí pupa tó ń mi orí bí ẹni ń kí àlejò yẹn ti sú mi, ibi gbogbo ló wà.

Ní báyìí mo fẹ́ lọ sí Shere Hills ní Jos, òkè yẹn ga tó 1,829 mítà, òjò á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ti sá wọnú ilẹ̀ lásìkò ọyẹ́ á sì ti jáde. Ṣé alẹ́ ni kí n lọ ni àbí ìdájí? Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ni carpet viper, ejò kékeré tó máa ń fi ìpẹ́ ha ara ẹ̀ tá á máa dún ṣìì, abẹ́ òkúta ló ń sùn, oró ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo máa ń yí òkúta wò, lọ́jọ́ kan àkekèé ni mo bá pàdé níbẹ̀, mo fò bí ọmọdé! Ṣé kí n jáwọ́ ńbẹ̀ ni àbí igi gígùn tó? Bùútù wo lẹ máa ń wọ̀? Ẹni tó bá mọ ọsibítù tó ní oògùn ejò nítòsí Jos, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí n tó gbéra.